Kòtò Tí Kì Í Pa Ẹni Tó Jìn Sí I

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òwe yìí dákẹ́ lórí ẹni tó jìn. Ará yòókù gbọ́n, wọ́n yà fún kòtò, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹni tó kọ́ wọn lọ́gbọ́n ṣì wà nísàlẹ̀. Lójú títì, olúwa rẹ̀ lè má dìde mọ́. Nínú ẹni márùn-ún tí jàǹbá ọkọ̀ ń pa láyé, ó kéré tán, ẹnì kan jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, fi gbẹ́ kòtò tiwọn sínú yàrá. Kọ̀ǹpútà ló ń ya títì àti mọ́tò sára ògiri ńláńlá tó yí ọmọdé ká. Ọmọ á fi awò sójú, á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá. Bó bá ṣìṣe, mọ́tò á "gbá" a, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, nínú ìgbà 100 tí àwọn ọmọ ọdún 6 bá sọdá, mọ́tò gbá wọn ní ìgbà 8. Ti ọmọ ọdún 12 jẹ́ ìgbà 2. Àwọn ọmọ ọdún 14 ló tó sọdá bí àgbà.

Àwa òbí a máa jágbe pé, "Ṣé o ò ríran ni?" Ọmọ ríran o! Kò tíì lè fojú wọn àlàfo àárín mọ́tò méjì dáadáa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè gbéra. Bí mọ́tò iwájú ṣe ń kọjá ni àgbà ti ń bọ́ sójú títì. Ọmọdé á ṣì dúró díẹ̀, àlàfo á sì ti dín kù. Ọmọ ọdún 12 gbọ́n ọgbọ́n mìíràn: àlàfo tó fẹ̀ ló ń yàn, kó fi dí àìyára ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀: ó jókòó ní yàrá kan, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wà ní òmíràn, kọ̀ǹpútà wá pa wọ́n pọ̀ sójú títì kan náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ di ọmọ kékeré lọ́wọ́ mú. Èyí tó bá ti ń dá sọdá, ẹ kọ́ ọ kó dúró de àlàfo tó fẹ̀. Ìwọ awakọ̀ tó rí aṣọ iléèwé létí títì, tètè tẹ bíréèkì.