Ta Ló Ni Kẹ̀kẹ́ Ológeere?

Àwọn kan ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn kóra jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere, kí amọ̀nà síwájú wọn gba inú ọgbà ìgbafẹ́ àti etí ọ̀sà ní Èkó. Wọ́n ní ẹni tí ó ní mọ́tò nílé ló ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré. Àwọn mìíràn sì ń yin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ọ̀làjú tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sórí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí tí a ṣí ní 2013. Ní tèmi, igun méjèèjì ló ṣìnà, nítorí wọ́n jọ gbà pé àlejò ni kẹ̀kẹ́ láàárín wa.

Òótọ́ ni pé òkèèrè ni a ti kọ́kọ́ ṣe é. Ará Jámánì kan, Karl Drais, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1817. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn baba wa fi ṣe nígbà tó dé? Ẹ wo ìlú mi, Òsì, ní ilẹ̀ Èkìtì ti Kwara. Ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ìlú Aréógún tí ó kú ní 1954, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́yìn odi títí di òní. Lára ilẹ̀kùn tí àwọn ọlọ́nà ìgbà náà gbẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ óò rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ nítòsí ẹni tó gun ẹṣin. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó yẹ lẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Ní 1987, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà kan ní New York, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà nì, James Baldwin, yan ère Yorùbá kan láàyò: ọkùnrin kan àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Kwame Anthony Appiah kọ̀wé nípa ère yìí. Kókó rẹ̀ ni pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kò ka kẹ̀kẹ́ sí ohun òyìnbó. Ó gbẹ́ ẹ nítorí pé ó wúlò, ó sì ń gbé ni dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tètè gbé ni dé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe mọ̀ ọ́n ní Òsì nígbà èwe mi. Tíṣà ń gùn ún lọ sílé ìwé, ẹlẹ́mu ń so agbè mọ́ ọn, àgbẹ̀ ń di iṣu sẹ́yìn rẹ̀ bọ̀ láti oko. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà pàápàá ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí o bá pe “kẹ̀kẹ́” ní Èkó, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọdé ń wò, èyí tí a fi orúkọ ológun tó jọba Èkó láti 1996 sí 1999 pè. Kẹ̀kẹ́ ológeere di àmì òṣì lójú àwa tí a kàwé, àfi bí a bá wọ ṣòkòtò pelebe, tí a sì de akoto mọ́rí.

Ohun tí mo ń bá jà nìyí. N kò bá àwọn tí ń gbafẹ́ létí ọ̀sà jà. Ara wọn ni wọ́n ń tọ́jú. Àmọ́ ìjọba tó ń wò wọ́n tí ó ń pàtẹ́wọ́ ni mo fẹ́ bi léèrè. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà jáde ní 2018 nípa àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Láti 1 oṣù Kẹfà 2022, ó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà náà gan-an ló yẹ kí kẹ̀kẹ́ rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gùn ún sáàárín dáńfó láìsí amọ̀nà àti ogún ẹlẹgbẹ́ tí yóò dáàbò bò ó?

Ní ilẹ̀ Netherlands, ikú àwọn ọmọdé lábẹ́ mọ́tò ló mú kí àwọn aráàlú fẹ̀hónú hàn ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n fi ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sẹ́bàá títì. Kì í ṣe nítorí ìgbafẹ́ ni wọ́n ṣe fẹ̀hónú hàn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a fi ẹ̀bá ọ̀nà sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ láti Òsì dé Ìlọ́fà, kí ọmọ ilé ìwé àti àgbẹ̀ lè gùn ún láìfòyà. Ìlú tí ẹnì kan ṣoṣo kò ti lè gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ kí ó sì bọ̀ láàyè, ẹ má pè é ní ìlú tó lajú nítorí ìgbafẹ́ ọjọ́ Àìkú.