Ẹ Má Fi Ẹ̀kọ́ Ìṣètò Orí Ìtàgé Rẹ́rìn-ín

Bí ọ̀dọ́ tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì bá wí pé òun fẹ́ gba oyè kejì nínú ìṣètò orí ìtàgé, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń dá a lóhùn. Wọn a ní iṣẹ́ káfíńtà àti akunlé ni. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí yóò fi pákó, aṣọ àti iná sọ ìtàgé di igbó iwin, tí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò ríran, tí pákó kò sì ní wó lu òṣèré, kò lè ṣàìmọ ìṣirò àti ìtàn.

Demas Nwoko kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Sáríà ní 1961. Kò dúró níbẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtàgé ní Párísì. Nígbà tí ó dé Ìbàdàn, òun ni ó ṣètò ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1963.

Kí àwọn yunifásítì wa má ṣe fi ìwé kíkọ nìkan dá akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́lá. Kí ó fi ìtàgé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gba oyè. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mọ ọ̀nà ilé àwọn eléré nígbà ìpolongo ìbò. Kí wọ́n rántí ọ̀nà náà nígbà tí ìjọba bá ń pín owó ẹ̀kọ́.