Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Bí Ẹni Méjì Ṣe ń Ta Sípéèdì

Eré la fẹ́ kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ọkọ mi ta á, a pàdánù nínú ìpín káàdì kan ṣoṣo débi pé àwọn àlejò wa fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, a ti rí i pé àdánù mìíràn ń bọ̀ lọ́nà, èyí tí kò sí nínú káàdì rárá. Mo fẹ́ kọ́ yín ní eré náà, kí n sì sọ bí ó ṣe tú àṣírí wa fún wa.

Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston àti ìyàwó rẹ̀ wá ṣọdún nílé. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n bẹ̀ wá wò ní Agbowó, lẹ́yìn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti dá wọn dúró láti Challenge títí dé Ring Road. A jẹun tán, iná ọba lọ, mo tan àtùpà, mo sì gbé Whot jáde bí a ti máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé eré yìí náà lẹ ṣì ń ta? Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí àwa ń ta hàn yín." Ó yọ páálí káàdì kan láti inú àpò rẹ̀.

Whot kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. William Henry Storey ló ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1935, káàdì 54 ló sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di tiwa débi pé ọmọ ọdún méje mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó rán ẹnìkejì lọ sí ọjà. Ayò ọlọ́pọ́n náà ńkọ́? Ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni méjì ní ìdojúkọ ara wọn. Nínú eré méjèèjì yìí, ẹni tó kọjú sí ọ ni ọ̀tá rẹ. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nínú Sípéèdì ni pé ẹni tó kọjú sí ọ ni ẹnìkejì rẹ. Àwọn tó wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ ni ọ̀tá.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni eré yìí ti wá, ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939. Àwọn ọmọ ogun ló gbé e káàkiri nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọmọ ìyá ni òun àti Bridge. Whist, eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí Edmond Hoyle kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1742, ni baba ńlá wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyí. Ẹni mẹ́rin ni yóò jókòó yí tábìlì ká, méjì ní ẹgbẹ́ kan, méjì ní ìkejì. Káàdì 52 là ń lò. Ẹ yọ àwọn jókà kúrò. Ìran mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ọkàn àti dáyámọ́ńdì, tí wọ́n jẹ́ pupa, kúlọ́bù, tó dà bí ewé mẹ́ta tó so pọ̀, àti sípéèdì, tó dà bí ọkàn dúdú tó dorí kodò. Ìran kọ̀ọ̀kan ní káàdì 13. Éèsì ló ga jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọba, ayaba, jáàkì, 10, títí dé orí 2. Ẹni tó ń pín yóò pín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ, títí tí káàdì 13 yóò fi wà lọ́wọ́ olúkúlùkù.

Ìran sípéèdì ló ń jẹ oyè. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ìyẹn 2, ga ju éèsì ìran yòókù lọ. Nínú Whist, oyè yìí lè yí padà ní ìpín kọ̀ọ̀kan, bí oyè Olúbàdàn ṣe ń lọ láti ìlà Ọ̀tún sí ìlà Balógun. Nínú Sípéèdì, ìran kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tó wà ní òsì ẹni tó pín káàdì ni yóò kọ́kọ́ ju káàdì kan sílẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù yóò sì tẹ̀ lé e. Bí o bá ní irú ìran tí ó jù, òun ni dandan fún ọ láti jù. Bí o kò bá ní in, o lè fi sípéèdì gé e, o sì lè da káàdì mìíràn tí o kò fẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí sípéèdì rẹ̀ ga jù ló borí. Bí sípéèdì kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ju èyí tó ga jù nínú ìran tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni. Yóò kó káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìkó kan. Òun náà ni yóò ṣíde ìkó tó kàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sípéèdì ṣíde àfi bí ẹnìkan bá ti fi í gé ṣáájú, tàbí tó bá jẹ́ pé sípéèdì nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkó 13 ló wà nínú ìpín kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì kankan, ìlérí wà. Olúkúlùkù yóò wo ọwọ́ rẹ̀, yóò sì sọ iye ìkó tí òun lè kó. A ó ro ìlérí ẹni méjì tó jẹ́ ẹgbẹ́ kan pọ̀. Bí ẹ bá mú un ṣẹ, ìkó kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣèlérí jẹ́ máàkì 10, èyí tó bá lé jẹ́ máàkì 1, a sì ń pe àlékún yìí ní àpò. Bí ẹ kò bá mú un ṣẹ, a ó yọ 10 fún ìkó kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣèlérí, ì báà jẹ́ ẹyọ kan péré ló kù. Bí àpò yín bá sì pé 10, a ó yọ 100, nítorí ẹni tó ń fi ohun tó ní pa mọ́ kò sàn ju ẹni tó ń ṣèlérí ohun tí kò ní lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ burú pátápátá lè ṣèlérí òdo: bí kò bá kó ẹyọ kan, 100 ni èrè rẹ̀, bí ó bá kó ẹyọ kan péré, 100 ni gbèsè rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé 500 ló borí.

Òfin tó kù ló le jù: ẹ kò gbọdọ̀ bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ìlérí tí ẹnìkejì rẹ ṣe àti káàdì tí ó jù nìkan ni iwé tí o lè kà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló pín. Ọkọ mi ṣèlérí 5. Mo wo ọwọ́ mi: ọba dáyámọ́ńdì wà níbẹ̀ ní òun nìkan, n kò ní ọkàn kankan, mo sì ní sípéèdì mélòó kan. Inú mi dùn, mo ní 4. Àròpọ̀ wa di 9. Àwọn àlejò wa ṣèlérí 2 àti 2.

Ọkọ mi fi éèsì kúlọ́bù ṣíde, ó kó o. Ó tún ju éèsì ọkàn. Nígbà tó kàn mí, mo rántí pé n kò ní ọkàn, mo fi tìdùnnú-tìdùnnú fi sípéèdì gé e. Orí ta ni mo gé? Orí éèsì ọkọ mi! Ìkó tó ti jẹ́ tiwa ni mo fi agbára wa jà sí. Mo wá fi ọba dáyámọ́ńdì ṣíde. Ẹ̀gbọ́n mi rọra gbé éèsì lé e. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ìkó 6 ló wà níwájú wa, 7 ní tiwọn. A yọ 90 fún wa. Àwọn gba 43.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe pé káàdì yín kò dára o. Ọkọ rẹ ka éèsì yẹn mọ́ tirẹ̀, ìwọ náà ka gígé rẹ mọ́ tìrẹ. Ohun kan ṣoṣo lẹ kà lẹ́ẹ̀mejì."

Ọkọ mi wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, owó àjọ tó kàn wá lóṣù tó ń bọ̀, ṣé o ti ní ohun tí o fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún Màámi pé òun yóò bá wọn tún òrùlé wọn ṣe, ₦250,000. Mo ní èmi náà ti sọ fún àbúrò mi pé n óò san owó ilé-ìwé rẹ̀, ₦200,000. Owó àjọ náà kò ju ₦300,000 lọ. A ti ṣèlérí ₦450,000 fún àwọn ènìyàn méjì tí wọ́n fọkàn tán wa, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì purọ́. Olúkúlùkù kàn rò pé ìdákẹ́jẹ́ ẹnìkejì túmọ̀ sí pé owó náà ṣófo ni.

Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Nídìí káàdì, òfin ló dí wa lẹ́nu. Nínú ilé tiwa, ta ló dí wa lẹ́nu?

Lọ́jọ́ kejì a mú bébà, a kọ iye tó wà, a sì pe Màámi lórí fóònù pọ̀. A ní ₦100,000 la lè rí báyìí, kí á fi tún apá tó ń jò jù ṣe, kí ìyókù dúró. Màámi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé kò burú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn wá. Ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju kí òjò àkọ́rọ̀ lọ sọ fún wọn. Àbúrò mi gba tirẹ̀ pé, nítorí ìforúkọsílẹ̀ kò ní dúró dè é.

Bí ẹ bá fẹ́ ta Sípéèdì, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn. Ẹ ka éèsì sí ìkó kan. Ẹ má ṣe ka ọba àfi bí káàdì kan tàbí méjì irú ìran rẹ̀ bá tì í lẹ́yìn. Ọba tí kò ní ará ilé kì í pẹ́ lórí ìtẹ́. Ayaba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹnìkejì rẹ bá ti ń borí, da káàdì kékeré sílẹ̀, má ṣe bá a jà. Bí ó bá ṣèlérí òdo, gbogbo káàdì ńlá rẹ ti di agbòòrùn tí o ó fi bò ó. Ẹ má sì fi owó ta á. Àwọn òbí wa kò ṣèṣè máa bẹ̀rù pé káàdì ń di tẹ́tẹ́.

Mo ti ra páálí tiwa ní Dùgbẹ̀, lábẹ́ òjìji Ilé Àwòṣífìlà. Àwọn aládùúgbò wa méjì máa ń wá ní alẹ́ Sátidé. A ṣì ń pàdánù nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n n kò tíì tún gé orí éèsì ọkọ mi mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí á tó fọwọ́ kan owó kankan, ó máa ń jókòó ní ìdojúkọ mi, yóò ní, "Ó yá, mélòó ni tìrẹ?" Èmi yóò sì sọ fún un.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.