Bàbá Tí Kò Ní Ìwé

Bí a bá gba inú ọjà Arzèkè kọjá ní òwúrọ̀, a ó rí àwọn bàbá tí ń ru àpò àgbàdo nítorí oúnjẹ ọmọ. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n òógùn nìkan kì í gba bàbá lọ́wọ́ òṣì.

Ní ọdún 1968, Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe sinimá kan ní èdè Wolof, Mandabi ni orúkọ rẹ̀. Ibrahima Dieng, bàbá ọlọ́mọ méje tí kò níṣẹ́, rí ìwé owó gbà láti Paris: 25,000 fráńkì. Kí owó tó dọ́wọ́, ilé ti jẹ gbèsè lé e lórí. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n bèèrè káàdì ìdánimọ̀, kò ní. Kí ó tó gba káàdì, wọ́n bèèrè ìwé ìbí. Kò mọ ọjọ́ tí a bí i. Níkẹyìn, ìbátan kan tí ó mọ̀wé bá a gba owó náà, ó sì kó o jẹ.

Ẹ̀yin bàbá, Jósẹ́fù Mímọ́ pàápàá, tálákà oníṣẹ́ igi, rin ìrìn dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé ọjà kò jẹ́ kí ẹ ráyè. Ọmọ tí a bá bí, ẹ tètè gba ìwé ìbí rẹ̀; ìwé ìrìbọmi kò lè dípò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó wá bá wa lẹ́yìn Mísà. A ó kà á fún un, a kò ní gba owó.

Kí Jósẹ́fù Mímọ́ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.