Ife Kan Ṣoṣo Lórí Dúrọ́ọ̀mù Mọ́sálásí



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti fa gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ láàárín èmi àti àwọn kan nínú àsálàtù wa. Ọ̀rọ̀ ife ìmumi ni. Ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí tí mo mọ̀, dúrọ́ọ̀mù omi kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ife ike kan sì wà lórí ìdérí rẹ̀ tí wọ́n fi okùn so kí àwọn ọmọ má bàa gbé e lọ. Gbogbo wa là ń fi í mu omi: bàbá àgbà, ọmọ ilé kéwú, àlejò tó kàn yà kírun, ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tí inú ń run. Bí ẹnì kan bá mu tán, yóò da ìyókù nù, ẹni tó kàn yóò sì tún ki ife kan náà bọ inú omi.

Èrò tèmi ni pé kí a já okùn yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹnu tó kan etí ife nìkan ni ìṣòro. Òótọ́ ni pé ọ̀fìnkìn àti egbò ẹnu lè gba etí ife dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló burú jù. Ẹ wo bí ọmọdé ṣe ń bu omi: ìka mẹ́rin ni yóò bá ife wọ inú omi. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìyàgbẹ́ dé tí kò fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kì í ṣe omi inú ife kan ló bà jẹ́, omi gbogbo dúrọ́ọ̀mù ni. Ọ̀nà tí kọ́lẹ́rà, taifọ́ìdì àti ìgbẹ́ gbuuru ń gbà wọ agboolé nìyẹn. Ẹni tí kòkòrò kọ́lẹ́rà wà lára rẹ̀ lè máà ṣàìsàn rárá, kí kòkòrò náà sì máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ bá mu omi pọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yọ ife tèmi nínú báàgì ní àsálàtù, Alhaja kan wò mí títí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìmọ́tótó o. Ṣé ẹnu tiwa ń rùn ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Wọ́n ní ìwà òyìnbó ni. Bẹ́ẹ̀, nílé ìyá ìyá mi, igbá tí a fi ń bu omi nínú àmù kì í kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Ahá ni a ń da omi sí kí a tó mu ún. Ìyá náà kò rí òyìnbó sójú rí.

Àwọn òyìnbó pàápàá, ẹ̀yìn àmù ìyá wa ni wọ́n wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1909 ni ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de ife àjùmọ̀lò nínú ọkọ̀ ojú irin àti nílé ìwé.

Ààfáà kan wá gbé ẹ̀sìn kalẹ̀ fún mi. Ó ní ṣebí igbá wàrà kan ṣoṣo ni àwọn ará Suffa mu kárí, tí Abu Hurayra mu tirẹ̀, kí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó mu ìyókù. Hàdíìsì náà wà nínú Bukhari, n kò jiyàn. Èmi kò sì sọ pé èèwọ̀ ni kí tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá mu nínú ife kan. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ló kọ̀ fún wa láti máa mí sínú ohun tí à ń mu, tó kọ̀ kí a máa gbé ẹnu lé ẹnu àpò omi, tó ní kí a máa bo ohun èlò wa lálẹ́, tó sì ní kí ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn má dà á wá sáàárín èyí tí ara rẹ̀ le. Abu Dawud tún gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Sa'id Al-Khudri pé ó kọ̀ kí a máa mu omi níbi tí etí ife ti kán.

Etí ife tó kán yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, torí inú ilé wa ló wà. Ife tánganran tí ara rẹ̀ ti bó, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dípẹtà, ìdọ̀tí á sá sínú rẹ̀, kànrìnkàn kò sì ní lè dé ibẹ̀. Ike tó ti ha náà ń fi ìdọ̀tí pamọ́ bẹ́ẹ̀. Gíláàsì tó kán lè ya èèyàn létè. Àmọ́ a kì í jù wọ́n nù. Ọmọ kékeré àti ọmọ ọ̀dọ̀ la máa ń fi wọ́n fún, a ó sì ti gíláàsì olódòdó mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù de àlejò tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èyí kò dára tó lójú mi.

Fún ọmọdé, ife sílífà tó nípọn tí kì í dípẹtà ni mo fara mọ́. Kì í fọ́, ó rọrùn láti fọ̀, kì í sì í gba òórùn ọbẹ̀. (Ẹnì kan bi mí bóyá kì í ṣe fàdákà tí Ànábì ní kí a má fi mumi. Rárá o, orúkọ lásán ló jọra, irin ni.) Ife ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ibi wòlímọ̀ dára fún omi tútù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má bu ògì gbígbóná sí i nígbà sààrì, ẹ má sì dà á sójú gọ́tà lẹ́yìn ayẹyẹ.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ mọ́sálásí fún kò pọ̀: dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí àti ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, kí ọwọ́ má wọ inú omi mọ́. Kí kálukú mú ife tirẹ̀ wá. Fún àlejò, kí a ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nídìí omi Samsamu ní Mọ́kà, níbi tí ife tó mọ́ ti wà lọ́tọ̀, tí èyí tí a ti lò wà lọ́tọ̀. Ó ku ẹni tí yóò máa fọ ife àlejò. Ní ìpàdé tó kọjá, ojú gbogbo ọkùnrin yí sí ọ̀dọ̀ àwa obìnrin. Mo ní kí a pín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n sì kọ orúkọ tèmi ṣáájú.