Kí ni Yorùbá ń pe texture? Ìbéèrè tó kó mi sí wàhálà

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ bẹ̀ mí níṣẹ́ kékeré kan. Ó ní èlùbọ́ iṣu oríṣi mẹ́ta tó fẹ́ kí àwọn ìyá tó ń ta àmàlà bá òun tọ́ wò, ó sì ní fọ́ọ̀mù tí wọn yóò fi fún un ní máàkì láti orí 1 dé 9. 1 ni pé wọn kò fẹ́ ẹ rárá, 9 ni pé wọ́n fẹ́ ẹ gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù náà. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lò ń ka Yorùbá, bá mi túmọ̀ rẹ̀." Ohun márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀. Àwọ̀, òórùn àti adùn kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìkarùn-ún, ìyẹn bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lápapọ̀, kò ni mí lára. Ìkẹrin ni texture. Mo ronú díẹ̀, mo kọ "ìrísí" síbẹ̀, mo sì gba owó káàdì tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ìlú kékeré kan nítòsí Ìṣẹ́yìn. Àwọn ìyá bíi méjìlá ló jókòó lábẹ́ àtíbàbà, abọ́ àmàlà mẹ́ta níwájú olúkúlùkù. Èmi ni mò ń ka ìbéèrè, ọ̀rẹ́ mi ń kọ máàkì sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí "ìrísí," gbogbo wọn tún bojú wo àmàlà náà, wọ́n sì fún un ní irú máàkì tí wọ́n fún àwọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kí ni wọn yóò fọwọ́ kàn án ṣe? Ojú ni a fi ń rí ìrísí. Abọ́ kejì ló gbégbá orókè, 8 àti 9 ni wọ́n ń fún un.

A ti ń kó fọ́ọ̀mù jọ nígbà tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn bu díẹ̀ nínú abọ́ kejì yẹn, ó yí i láàárín ìka mẹ́ta, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Ọmọ mi, ta ni yóò ra èyí lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Mà, ẹ̀yin náà lẹ fún un ní 8."

"Ìrísí rẹ̀ lo bi mí. Ó dúdú, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n kò yi. Wo bó ṣe ń fọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dì í sínú ọ̀rá láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, omi ni yóò máa dà."

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan tiwọn. Ọ̀rọ̀ wá di rẹpẹtẹ: èkíní yi ṣùgbọ́n ó ní kókó, ẹ̀kẹta rọ̀, èlùbọ́ rẹ̀ kúnná, ẹ̀kejì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kò síbi tí a lè kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ sí lórí fọ́ọ̀mù. A padà lọ lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ni, àwọn márùn-ún péré ló yọjú. Olùdarí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní kó yọ ìbéèrè kẹrin kúrò pátápátá. Bó ṣe di pé ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ̀ jù lọ nípa àmàlà, ohun tí wọ́n fi ń jẹun, kò sí nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó sọ pé òun gbọ́ tẹnu wọn. Àbùkù yẹn kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo kọ "ìrísí."

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí lórí WhatsApp kíláàsì wa, ìdáhùn tó kọ́kọ́ wọlé ni pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá. Ẹnì kan mú "ìfọwọ́bà" wá, ẹnì kan mú "ìrílọ́wọ́" wá. Ẹni tó gbọ́n jù láàárín wa (ó mọ ara rẹ̀) ní "ìhun" ló yẹ. Àlàyé rẹ̀ dùn: inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí a hun nǹkan ni texture ti wá, ibẹ̀ náà ni text àti textile ti ṣẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa náà ti mú aṣọ híhun wọnú ẹ̀kọ́ èdè tipẹ́, a sì ti lo "ìhun" fún ohun mìíràn. Ìhun gbólóhùn kì í ṣe bí gbólóhùn ṣe rí lọ́wọ́, bí a ṣe tò ó ni. Ẹ lọ bá ìyá yẹn kí ẹ bi í léèrè nípa ìhun àmàlà rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kò ní í bi yín léèrè bóyá ẹ ti jẹun.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò ní í gbà: kò sí àlàfo kankan nínú Yorùbá níbi tí texture wà. Ibi tí a ti ń wá a la ṣì. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo la ń wá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ohun tí a sì ń sọ nípa rẹ̀ ló ń yan èyí tí a óò lò. Ògì kúnná. Ọbẹ̀ ki tàbí kó ṣàn. Ewédú yọ̀. Ilá tí ó bá ti pẹ́ lóko á kó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sì ti sọ fún ọ pé ọ̀bẹ yóò ṣòro, pé fọ́nrán yóò há sí ọ láàárín eyín. Ẹ̀kọ dì. Àkàrà fúyẹ́. Kíjìpá nípọn, léèsì fẹ́lẹ́. Ohùn akéwì há. Bí ìyẹn kò bá tó, a tún ní àwọn ọ̀rọ̀ tí etí fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn: búrẹ́dì rọ̀ múlọ́múlọ́, ọ̀nà rí págunpàgun, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe ohun tí "múlọ́múlọ́" ń ṣe.

Ẹ tún wo "yi" ìyá yẹn. Lẹ́nu ẹni tó ń ta àmàlà, ìyìn ni. Lẹ́nu ẹni tó ra ẹran, ẹ̀sùn ni. Bí ẹ bá kọ orúkọ gbogbogbòò kan sórí fọ́ọ̀mù, tí ẹ ní kí ènìyàn fi máàkì sí i, ẹ ti gba ìdájọ́ yẹn lẹ́nu rẹ̀ kó tó lanu.

Èyí kò túmọ̀ sí pé mo kórìíra ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ̀dá. Láìsí Èdè-Ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, kí la bá máa fi kọ ìdánwò? Àwọn ibì kan wà tí texture ti di ohun tí a ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n, níbẹ̀ a nílò orúkọ kan tí kì í yẹ̀. Àpẹẹrẹ ni ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko. Lójú àwọn onímọ̀ ilẹ̀, texture kò ju bí ìwọ̀n yanrìn, amọ̀ àti èyí tó wà láàárín wọn ṣe pọ̀ sí nínú ilẹ̀ lọ. Nínú òṣùwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò, hóró yanrìn bẹ̀rẹ̀ láti 0.05 dé 2 mìlímítà, ti amọ̀ kò tó 0.002. Ẹ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí onímọ̀ ilẹ̀ yẹn bá dé oko tí kò gbé ẹ̀rọ dání, omi ló máa ta sí ilẹ̀ náà, tí yóò fọwọ́ pò ó, tí yóò sì wò ó bóyá ó ṣeé yí gbọọrọ bí okùn tàbí ó ń fọ́. Ohun tí ìyá yẹn fi àmàlà ṣe gan-an nìyẹn.

Àwọn kan á ní bí ìbéèrè Yorùbá bá yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, báwo la ṣe fẹ́ fi èsì ibí wé ti ibòmíràn? Ìbéèrè tó lágbára ni, n kò sì ní ìdáhùn tó pé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé "Ṣé ó yi tó bí ẹ ṣe fẹ́?" ṣeé fún ní máàkì láti 1 dé 9 bí ìbéèrè mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ṣé ó ní kókó?" Ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa rọ́pò ẹyọ kan, fọ́ọ̀mù á gùn sí i, ẹni tó ń san owó ìwé títẹ̀ á kùn. Kó máa kùn. Èsì tí a fi "ìrísí" gbà yẹn ṣeé fi wé ti ibikíbi láyé, irọ́ sì ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ẹ̀ka wa, tí ẹ sì ti fi "ìrílọ́wọ́" síwájú texture, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún kúnná, yi, ki, dì, fẹ́lẹ́ àti ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí olúkúlùkù ń bá rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtumọ̀ ní ilé ìwòsàn tàbí ilé-iṣẹ́ ìpolówó náà lè fi tiyín kún un. Ó dájú pé ẹ ti ṣe irú àṣìṣe mi rí.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gàrí ló tún kàn báyìí, oríṣi mẹ́rin. Ó ní kí ni kóun kọ sí ibi texture. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé gàrí náà wá, pẹ̀lú omi tútù.