Ọpẹ́ Ẹni Tí Ó Ní Kí A Bìlà fún Odò

Bí a bá ń ka àwọn tí ọpẹ́ wọn wà lọ́rùn aráyé, jagunjagun àti òṣèlú ni ẹnu wa máa ń yá láti kì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, oríkì tọ́ sí Gilbert White, ọmọ Chicago tí a bí ní 1911. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé odi àti ìdídò ni oògùn omíyalé, tí wọ́n sì ń náwó bí ẹlẹ́dà, òun kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1942, ó fi hàn pé àwa tí a lọ kọ́lé sí ibùsùn odò ni a ń sọ omi di àjálù, àti pé odi gan-an a máa fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ títí yóò fi tún kọ́lé sí i. Àwọn àgbà ní odò kì í gbàgbé orísun. Èmi fi kún un pé kì í gbàgbé àbàtà tí ó máa ń tẹ́ sí nígbà òjò.

Ní 1966, ìgbìmọ̀ tí ó ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn fún ìjọba lórí ọ̀ràn omíyalé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òfin adójútòfò ìkún omi jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà ti kìlọ̀ pé, bí a bá ṣì í lò, ó lè máa ti ènìyàn sínú omi.

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè wọn ní 2000. Ó kú ní 2006. Ẹ̀yin aláṣẹ wa, tí ìkún omi odò Ògùnpa fojú Ìbàdàn rí màbo ní 1980, ẹ wá irú White nílé, kí ẹ yẹ́ wọn sí nígbà tí etí wọn ṣì lè gbọ́.